Àwòrán Pákó tí Mo Gbẹ́ fún Bàbá Atẹ̀wé

Lọ́jọ́ tí mo bá obìnrin kan jà ní ibùdókọ̀ Ògbà nítorí páálí bísíkíìtì, àwọn èèyàn rò pé orí mi ti dàrú. Ó jẹ bísíkíìtì tán, ó rún páálí rẹ̀ pọ̀, ó sì jù ú sínú gọ́tà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ tiẹ̀ wo àwòrán ara rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Àwòrán kí ni? Ṣé bísíkíìtì ni mo rà ni, àbí fọ́tò?" Kí n tó fèsì, ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ǹ bá ti ṣàlàyé fún un pé odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti àwòrán yẹn, títí bísíkíìtì náà fi ń dán bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ páálí ni mo wà, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà Ìkẹjà sí Ògbà, mo sì ti lo ogún ọdún ó lé díẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mò ń ṣe àwọn páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ọ̀kan fún àwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún dúdú. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gun ara wọn láìyẹ̀, bísíkíìtì á jáde, tàbí ọṣẹ, tàbí ìyá kan tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀ lára páálí oògùn ibà. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ bíńtín, ìyá á ní ètè mẹ́rin. Èmi ni wọ́n máa ń pè nígbà tí ìyá bá ní ètè mẹ́rin. Inú mi kì í dùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ló sì máa ń mọ̀.

Bàbá ló kọ́ mi ní iṣẹ́. Wọ́n lórúkọ o, ṣùgbọ́n láti orí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ títí dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi ni wọ́n, Agége ni wọ́n sì ti ń gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo. Nígbà tí èmi bá ń bú ẹ̀rọ, àwọn á kàn fi ọwọ́ ra á lára, ẹ̀rọ á sì gbọ́rọ̀. Àwọn ni atẹ̀wé àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà gbà, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo péré ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ onírin dúdú tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ káàdì ìgbéyàwó fún bíi ìdajì Agége. Nígbà tí èmi fi máa dé, wọ́n ti tì í sí kọ̀rọ̀, kúlà oúnjẹ ọ̀sán wa là ń tò lé e lórí.

Èmi náà gbé kúlà mi lé e fún ọdún púpọ̀, n kò ní parọ́. Ohun tó là mí lójú ni pé wọ́n rán mi lọ sí hótẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà GRA, kí n lọ fi àpẹẹrẹ páálí tuntun han oníbàárà kan. Oníbàárà náà pẹ́ kí ó tó dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, mo sì rí i pé wọ́n kọ́ àwòrán sí gbogbo ògiri gbọ̀ngàn wọn. Mo rò pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn wọ́n. Mo wá súnmọ́ ọ̀kan, àwòrán òjò tó ń rọ̀ lé àwọn èèyàn lórí lójú ọ̀nà abúlé kan, tí wọ́n fi àkẹtẹ̀ borí tí wọ́n ń sáré. Ojú mi lọ sí etí rẹ̀, níbi tí búlúù ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò lára dúdú. Bí mo ṣe pariwo nìyẹn: "Ha! Wọ́n tẹ èyí ni!"

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ayàwòrán ni, òun ló kó àwọn àwòrán náà jọ. Ó ní ìlú Japan ni èyí tí mò ń wò ti wá, ó sì ti lé ní igba ọdún. Ó ní ẹnìkan ló yà á, ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ sára pákó, ẹlòmíràn ló tẹ̀ ẹ́, pákó kan fún àwọ̀ kan. Mo ní, "Pákó kan fún àwọ̀ kan kẹ̀? Iṣẹ́ mi nìyẹn mà!" Inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ẹbí ní ìlú òkèèrè.

Ó mú mi káàkiri ògiri náà. Ó fi iṣẹ́ àwọn ará Germany hàn mí, tí wọ́n gbẹ́ àwọn ẹni mímọ́ àti èṣù sára pákó igi eléso, tí irun orí ẹni mímọ́ kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín ju òwú lọ. Ó fi ti Mexico hàn mí, níbi tí egungun òkú ti dé fìlà, tó ń jó. Ó fi àdìrẹ Abẹ́òkúta hàn mí, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé ọnà sára páànù kí wọ́n tó fa ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò ọnà náà sára aṣọ. Ó ní ìyẹn náà, ìtẹ̀ ni, aṣọ ló kàn dúró fún ìwé. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn àwòrán olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tẹ̀ ní India àti ní Egypt fún ògiri pálọ̀, mo dúró. Bùráákì wà níbẹ̀, ẹranko abìyẹ́ tó lójú obìnrin. Ọ̀kan wà ní pálọ̀ bàbá mi ní Agége nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ojú rẹ̀ máa ń tẹ̀lé mi bí mo bá fẹ́ lọ jí ẹran nínú ìkòkò. N kò mọ̀ pé èèyàn ló tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ó kàn wà bẹ́ẹ̀ ni, bí ògiri ṣe wà.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ayàwòrán náà ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìgbẹ́pákó ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, mo sì lọ fún oṣù méjì. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, èmi náà ni mo máa ń jiyàn jù. Mo gbẹ́ ewé, mo gbẹ́ ìbẹ́pẹ, mo gbẹ́ àkùkọ kan tó bínú. Gbogbo wọn ní àkùkọ náà jọ mí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ìparí ẹ̀kọ́ náà, mo kó gbogbo kúlà kúrò lórí ẹ̀rọ onírin náà. Àwọn tó ni kúlà bínú, èmi náà bínú padà. Bàbá kàn lọ gbé ike epo wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo sí oríkèé ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà lọ, nígbà ìsinmi ọ̀sán, èmi àti Bàbá máa ń wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn á máa fi rólà yí íǹkì lórí gíláàsì, wọ́n á di ojú. "Gbọ́ ọ," wọ́n á ní, "má wò ó. Tó bá ń dún bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Tó bá ń dún bí òjò wínníwínní lórí páànù, ó ti tó." Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n fa ẹ̀rọ. A tẹ àkùkọ, a tẹ ìbẹ́pẹ, a tẹ ọkọ̀ ojú irin tuntun bó ṣe ń kọjá l'Ágége. Páálí ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti orí ẹ̀rọ yẹn jáde, tèmi ni, kò sẹ́ni tó máa jù ú sí gọ́tà. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ tí Bàbá fẹ́ fẹ̀yìntì. Màdáámù ló ń darí ilé iṣẹ́ wa báyìí, ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀ ni. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi jù ú lọ, London ló ti kàwé, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ ni. Ó wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè ní ìdí iṣẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní. "Máṣíìnì tuntun ń bọ̀, spéèsì ni mo nílò. Àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù máa wá gbé irin tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn lọ lọ́jọ́ Fúráìdè."

Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lójú. "Màdáámù, irin kẹ̀? Ẹ̀rọ tó bí ilé iṣẹ́ yìí lẹ fẹ́ fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kí wọ́n lọ yọ́ ọ?"

"Kí ló ń ṣe fún wa, Àǹtí? Kúlà ló ń gbé."

"Kò gbé kúlà mọ́!"

Gbogbo èèyàn yíjú sí wa. Mo rò pé ó máa bínú, ṣùgbọ́n ó kàn fọwọ́ lérán, ó ń ronú. "Ó dáa," ó ní. "Fúráìdè náà ni sẹ́ńdọ́ọ̀fù Bàbá. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn tẹ àwòrán kan fún wọn, tí a lè fi sí férémù, tí a ó fún wọn níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Tó bá dáa, tí mo rí i pé ó ń ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà wa ò lè ṣe, ẹ̀rọ yín dúró, mo máa wá ibòmíì fún tuntun. Tí kò bá dáa, ọkọ̀ oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù á ti wà ní géètì."

Mo ní mo gbà. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá, nítorí pé mo mọ irú àwòrán tí mo fẹ́ gbẹ́. Fọ́tò kan wà lórí fóònù mi, tí ẹnìkan yà níbi iṣẹ́: Bàbá dúró, wọ́n na sípánà sí mi, èmi sì tẹ́wọ́ méjèèjì gbà á. Ọ̀gá ń fa iṣẹ́ lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù ju ìyẹn lọ?

Mo gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta nílé. Mo gbẹ́ ìlà iwájú orí wọn, mo gbẹ́ fìlà wọn tó máa ń dà sí etí kan, mo gbẹ́ iṣan ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, nígbà tí Bàbá lọ gẹ irun l'Ágége, mo tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo ká bébà kúrò, mo fò sókè, mo jó yí ẹ̀rọ náà ká. Bàbá ni! Bàbá gan-an ni wọ́n ń wò mí láti inú bébà. Mo fi èyí tó dáa jù sí férémù, mo sì fi ìwé dì í.

Àárọ̀ Fúráìdè, ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa ní ilé iṣẹ́ ń to àga sílẹ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ fi han àwọn nìkan. Mo tú ìwé. Ìyá wò ó, ẹnu wọn là sílẹ̀.

"Ó dáa, àbí?" mo ní.

"Ó dáa," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni Bàbá fi ń fún ẹ ní nǹkan yẹn?"

Mo wò ó. Ọwọ́ òsì ni. Bàbá mi, ọmọlúàbí pátápátá, ń fi ọwọ́ òsì na sípánà sí èèyàn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ nǹkan láti ara pákó gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ ní ìdàkejì, nítorí pé bó ṣe máa ń rí nínú dígí ló ṣe máa jáde. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ayàwòrán GRA ti sọ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ewé àti ìbẹ́pẹ ni mo ti ń gbẹ́, ìbẹ́pẹ kò sì ní ọwọ́ òsì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ ńlá ilé iṣẹ́ wa kì í tẹ páànù mọ́ bébà tààrà. Páànù á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sára rọ́bà, rọ́bà á wá tẹ̀ ẹ́ sára bébà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yí, nítorí náà bó ṣe wà lára páànù ló ń jáde. Ohun tí ojú mi ti mọ́ fún ogún ọdún nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù ló kó bá mi.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ìyá olóúnjẹ ní, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu. "Ìwọ wá fi ọwọ́ òsì lé Bàbá relé."

"Ẹ yé rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́ mà!"

"Mi ò rẹ́rìn-ín o." Gbogbo ara wọn ń gbọ̀n.

Mo yọ bébà náà, mo wò ó láti ẹ̀yìn bóyá ó ṣe é dojú rẹ̀ délẹ̀ kí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Bébà nípọn jù, kò ṣe é rí. Àtigbẹ́ òmíràn kò ṣeé ṣe, ọ̀sán ti ń súnmọ́. Mo dá a padà sínú férémù, mo sá lọ síta láti lọ bẹ Màdáámù kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. N kò rí i níbi kankan, ṣùgbọ́n mo rí ọkọ̀ oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ní géètì, ọkùnrin mẹ́rin jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí mo fi máa padà, Màdáámù ti wà níwájú àwọn èèyàn, férémù sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnìkan ti fi ìwé dì í padà.

Ó sọ̀rọ̀ dáadáa nípa Bàbá. Èmi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ní, "Lórí ẹ̀rọ tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti tẹ èyí," ó sì ya ìwé náà, ó gbé àwòrán sókè. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ní, "Ọwọ́ òsì kẹ̀?" Ẹlòmíràn ṣépè sábẹ́ ètè. Màdáámù yí férémù padà, ó wò ó, ó sì gbójú sókè wò mí. Kò bínú. Ó káàánú mi, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù.

Bàbá dìde. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n gba férémù náà, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wo fìlà tó dà sí etí kejì. Wọ́n wo bọ́tìnì ẹ̀wù tó lọ sí òdìkejì. Wọ́n wá súnmọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé èmi nìkan ni mo gbọ́.

"O gbàgbé láti yí i."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi ti dé ojú mi. "Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ. Àwòrán yìí ni kì bá jẹ́ kí wọ́n gbé e."

Wọ́n wo géètì, wọ́n wo ọkọ̀ tó dúró níbẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí àwọn èèyàn.

"Ẹ má bá ọmọ mi wí," wọ́n ní. "Òótọ́ ló tẹ̀. Òsì ni Ọlọ́run dá mi."

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn sókè.

"Ìyá mi fi àkísà di ọwọ́ yìí mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n jẹun. Ní ilé ìwé, tíṣà fi pàṣán nà án títí ó fi wú. Láti ìgbà yẹn, ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ni mo fi ń kí gbogbo yín. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Ìyàwó mi, àti ẹ̀rọ yẹn." Wọ́n nawọ́ sí kọ̀rọ̀. "Ìgbà tó jẹ́ èmi nìkan ni mò ń lò ó, tí mo kẹ́yìn sí gbogbo ayé, òsì ni mo fi ń fà á. Kò fìgbà kan sọ pé mo ṣe àìdáa. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Lórí ẹ̀rọ yẹn nìkan ni wọ́n ti jẹ́ kí tèmi wẹ ara wọn."

Atẹ̀wé ni Bàbá. Wọn ì bá kàn sọ pé àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ ni, kí gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rọ náà sì máa lọ. Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ láti kékeré ni wọ́n gbé síta lójú gbogbo èèyàn. Ìgbà náà ni mo tó mọ ìdí tó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n máa ń ní kí n fa ẹ̀rọ: kí n má baà rí ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á. Ojú tì mí pé mo ti jókòó tì wọ́n fún ogún ọdún, tí n kò rí i.

Wọ́n gbé férémù lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì rìn lọ sí kọ̀rọ̀. Gbogbo wa tẹ̀lé wọn. Pákó tí mo gbẹ́ ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Wọ́n ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n da íǹkì sórí gíláàsì, wọ́n ń yí i, ibẹ̀ sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó dúró lẹ́yìn fi gbọ́ òjò wínníwínní náà. Wọ́n fi rólà kun pákó, wọ́n tẹ́ bébà. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di irin mú, wọ́n sì fà á lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fà á, n kò fà á dáadáa bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ká bébà náà kúrò lára pákó, wọ́n sì nà án sí Màdáámù. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi nà án.

Ọmọdé kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì, àgbà kì í sì í fún un bẹ́ẹ̀. Màdáámù wo ọwọ́ náà, ó wo ojú Bàbá. Ó wá fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀, lórí ilẹ̀ tí íǹkì ti kún, ó sì tẹ́wọ́ méjèèjì gba àwòrán náà.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní. Kò tíì dìde tó fi yíjú sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀rọ yìí ò lọ síbì kankan."

Bàbá ti fi ọwọ́ òsì mú bébà mìíràn.